Òkúta Abẹ́òkúta, Ẹrẹ̀ Ajégúnlẹ̀: Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ilẹ̀ Tí A Fẹ́ Kọ́ Gbọ̀ngàn Sí

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka Apápá àti Ajégúnlẹ̀. A gbé e síbí fún àwọn tí kò ráyè wá, kí gbogbo wa lè kà á kí ìbò tó wáyé lórí ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn.

   Owó gbọ̀ngàn tí a ti ń dá láti ọjọ́ yìí, Ọlọ́run á fi ẹ̀mí wa ṣe é.

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ tí a rà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń sọ pé, “Ilẹ̀ ti wà, owó ti ń wọlé, kí la tún ń dúró dè? Ẹ jẹ́ ká ti búlọ́ọ̀kù bọ̀ ọ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn, ṣùgbọ́n ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má bínú pé orí òkè ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé inú ẹrẹ̀ la wà. Ẹni tí kò bá mọ ìdí tí etíkun wa kò fi ní òkè kò lè mọ irú ilẹ̀ tí ilé rẹ̀ dúró lé.

Kí ló dé tí etíkun Èkó kò fi ní òkè?

Ẹ jẹ́ ká fọkàn wọ ọkọ̀ ojú omi, ká rin etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Tí ẹ bá dé Freetown ní Sierra Leone, òkè ni ẹ máa kọ́kọ́ rí. Láti inú òkun gan-an ni òkè náà ti dìde, èyí tó ga jù nínú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900 mítà. Nítorí òkè yẹn ni ọmọ ilẹ̀ Potogí kan, Pedro de Sintra, ṣe pe ibẹ̀ ní òkè kìnnìún ní 1462, ibẹ̀ sì ni orúkọ Sierra Leone ti wá. Ilẹ̀ yẹn kì í ṣe àjèjì sí wa. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn èèyàn wa tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú lọ, títí kan Àjàyí Crowther ní 1822. Akú ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé ní nǹkan bí 1839, ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí Abẹ́òkúta, a sì ń pè wọ́n ní Sàró títí dòní.

Òkúta dúdú tó wúwo ni òkè Freetown. Òkúta yíyọ́ ló ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ gòkè wá, tó sì dì, ní nǹkan bí 200 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí Áfíríkà àti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ya ara wọn. Lójú gbogbo wa, òkúta ni ìpìlẹ̀ tó dájú jù. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí náà: ní ọjọ́ 14, oṣù kẹjọ, ọdún 2017, òjò ńlá rọ̀ ní Regent, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè yẹn. Ilẹ̀ tó bo òkúta mu omi yó, ó ya, ó sì wọ́ lọ sórí ilé àwọn èèyàn. Àwọn tó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ ju 1,000 lọ. Wọ́n ti gé igi tó di ilẹ̀ mú, wọ́n sì ti kọ́lé sí ibi tí ilé kò yẹ kó wà. Torí náà, kì í ṣe òkè tàbí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀. Kéèyàn mọ irú ibi tó ń gbé ni.

Ẹ jẹ́ ká tún wakọ̀ lọ síhà ìlà-oòrùn, ká kọjá Èkó, ká kọjá Kàlàbá. Òkè Cameroon nìyẹn, ó ga tó 4,095 mítà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú òkun. Òkè oníná ni. Ó yọná ní 1999, ó yọná ní 2000, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2012. Nítorí pé òkè náà dí ojú ọ̀nà fún afẹ́fẹ́ tútù tó ń ti orí òkun bọ̀, òjò tó ń rọ̀ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lára èyí tó pọ̀ jù láyé.

Ó wá ku àárín. Láti ìlà-oòrùn Ghana, gba Lọmé, gba Kútọnu, gba Àgbádárìgì, títí dé Lẹ́kí, yanrìn lásán ni. Ẹ kò ní rí òkè kankan. Kí ló fà á?

Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta sọ fún wa pé ilẹ̀ Áfíríkà àti Amẹ́ríkà ti Gúúsù so pọ̀ mọ́ra nígbà kan. Nígbà tí wọ́n ya, ní ohun tó ju 100 mílíọ̀nù ọdún lọ, òkúta apá ọ̀dọ̀ wa fọ́, ó sì rì lọ sílẹ̀. Ó wá dà bí àwo ńlá kan tó tẹ́ láti Ghana dé agbègbè Òkìtìpupa. Láti ìgbà náà ni odò ti ń gbé yanrìn àti amọ̀ wá sínú àwo yìí, tí òkun náà ń da tirẹ̀ sí i. Àwo ti kún báyìí, àwa sì ń gbé lórí ohun tó wà nínú rẹ̀. Òkúta náà kò lọ síbì kan. Ìsàlẹ̀ ló wà, jìnnà réré sí ibi tí agbẹ́kànga lè dé.

Ìrìn àjò láti Olúmọ dé Wáàfù

Ẹ̀yin tó ń lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀, ẹ kò nílò ìwé kankan láti rí ohun tí mò ń sọ. Ẹ kàn máa wo ojú ọ̀nà.

Ní Abẹ́òkúta, òkúta wà níta gbangba. Nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni irú òkúta yẹn dì nínú ikùn ilẹ̀. Òjò àti oòrùn ló wá ń jẹ ilẹ̀ orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí òkúta fi yọ síta. Orí Olúmọ fi 137 mítà ga ju òkun lọ. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn bàbá wa sá sí lásìkò Ṣódẹkẹ́, ní nǹkan bí 1830, ohun tó sì fà á tí ìlú fi ń jẹ́ Abẹ́òkúta nìyẹn.

Tí ẹ bá ń bọ̀ wá sí Èkó, ẹ máa dé Ewékorò. Òkúta tibẹ̀ funfun, ó rọ̀ ju ti ilé lọ, ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú òkun sì wà nínú rẹ̀. Kí nìyẹn túmọ̀ sí? Òkun dé ibẹ̀ rí! Ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ìsàlẹ̀ òkun ni Ewékorò. Òkúta yẹn ni wọ́n ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ńtì níbẹ̀ láti 1960. Sìmẹ́ńtì tí ẹ fi kọ́lé, ìkarahun ìgbà ìwáṣẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ pupa á bẹ̀rẹ̀: Ifọ̀, Sàngó, Agége, Ìkẹjà. Yanrìn àti amọ̀ tí odò àtijọ́ kó wá ni, ó ti gbẹ, ó ti le, ó sì gba ilé dáadáa. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ wá sí Òrílé, Ìgànmú, Ajégúnlẹ̀, ilẹ̀ yí àwọ̀ padà. Ó di dúdú, ó rọ̀, ó sì ń rùn tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ. Ilẹ̀ tiwa nìyẹn.

Ilẹ̀ yìí kéré lọ́jọ́ orí. Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, omi pọ̀ tó dì sí yìnyín ní apá àríwá ayé, òkun sì fi nǹkan bí 120 mítà lọ sílẹ̀ ju ti òní lọ. Nígbà tí yìnyín yọ́, òkun padà gòkè wá. Ó kún ojú odò, ìgbì sì to yanrìn jọ bí ọgbà sí iwájú etíkun. Omi tó há sẹ́yìn ọgbà yẹn ló di ọ̀sà. Ní ẹ̀bá ọ̀sà, ewé jẹrà, gbòǹgbò jẹrà, ẹrẹ̀ sì ń rọ̀ lé e lọ́dọọdún. Orí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ Ajégúnlẹ̀ dúró lé.

Òkè tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin gbé wá

Ibi tó kan àwa ọmọ Ẹ̀gbá gan-an rèé. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín.

Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ńlá kò lè wọ Èkó tààrà. Yanrìn ti dí ẹnu ọ̀nà. Ìgbì etíkun wa ń ti yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn tọ̀sán-tòru, ó sì ń kó o sí ẹnu odò. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá pinnu láti mọ odi òkúta wọ inú òkun lápá ọ̀tún àti lápá òsì ẹnu ọ̀nà yẹn, kí omi lè ní agbára láti gbá yanrìn dànù. East Mole àti West Mole tí àwọn apẹja ń pe orúkọ rẹ̀ títí dòní nìyẹn. Láàárín 1908 sí 1912 ni iṣẹ́ náà gbóná jù.

Níbo ni wọ́n ti máa rí òkúta ní Èkó? Èkó kò ní òkúta tó tó ẹ̀kúnwọ́ kan. Abẹ́òkúta ni wọ́n lọ. Ní Arọ, wọ́n fọ́ òkúta, wọ́n sì kó o gba ojú irin tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Ìdó ní 1896. Òkúta ilé wa ló wà nínú òkun yẹn tó ń gba ìgbì. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ń wọ Apápá, iwájú òkúta Ẹ̀gbá ló ń gbà kọjá. Nítorí pé ẹnu ọ̀nà ti là ni wọ́n ṣe lè kọ́ wáàfù Apápá tí ọkọ̀ ńlá lè gúnlẹ̀ sí ní 1926. Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣiṣẹ́ ní wáàfù, ẹ̀yin tí ọkọ yín ń wa tírélà, ẹ̀yin tó ń ta oúnjẹ ní géètì, nínú iṣẹ́ yẹn ni oúnjẹ gbogbo wa ti jáde. Àní orúkọ Ajégúnlẹ̀ gan-an bá a mu: ajé ló gúnlẹ̀ síbí.

Ṣùgbọ́n ohun gbogbo ló ní iye tó ń náni. Yanrìn tó yẹ kó máa kọjá lọ sí ìlà-oòrùn, odi ti dá a dúró. Ó ń kó jọ sí apá West Mole, etíkun ibẹ̀ sì ń fẹ̀ sí i. Ní apá kejì, ní Bar Beach, ìgbì ń kó yanrìn lọ, kò sì sí òmíràn tó ń rọ́pò rẹ̀. Òkun jẹ ilẹ̀ níbẹ̀ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ó jẹ ẹ́ tó nǹkan bí kìlómítà kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, omi òkun ya bo etíkun Kuramo, ó sì gbé èèyàn lọ. Odi òkúta tuntun tí wọ́n mọ síwájú Eko Atlantic, àtúnṣe ọ̀ràn yẹn ni, òkúta náà sì rèé, láti ìlú òkè ni wọ́n ti tún lọ kó o wá.

Mo ń sọ èyí kí a lè mọ̀ pé ilẹ̀ àti omi etíkun kì í gba ìwọ̀sí. Ohun tí a bá ṣe níhìn-ín, ọ̀hún ló máa ti yọ.

Kí ló wà lábẹ́ gbọ̀ngàn wa?

Ó tó kí n dé ilé. Ẹ fojú inú wo kànìnkànìn tó ti mu omi yó. Tí ẹ bá gbé awo lé e, omi á jáde, awo á sì máa rì díẹ̀díẹ̀. Bí ẹrẹ̀ abẹ́ Ajégúnlẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Tí a bá gbé ilé wúwo lé e, omi inú rẹ̀ á máa fún jáde, ilé á sì máa wọlẹ̀. Kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Ó lè gba ọdún mẹ́wàá, ó lè gba ogún.

Ká ní gbogbo ilé ló ń wọlẹ̀ bákan náà ni, ìṣòro ibẹ̀ ìbá kéré. Àmọ́ ilẹ̀ kò rí bákan náà. Ní apá kan, yanrìn ni wọ́n dà. Ní apá kejì, pàǹtí àti ayùn pákó ni wọ́n fi dí kòtò kí wọ́n tó tẹ́ yanrìn lé e. Apá tó rọ̀ á yára rì, apá tó le á dúró. Àárín wọn ni ògiri ti máa là. Ìlà tó dà bí àtẹ̀gùn tí ẹ ń rí lára ògiri, ilẹ̀kùn tí kò pa dé mọ́, ilé tó fara ti aládùúgbò rẹ̀ bí ọ̀mùtí, ohun tó ń fa ọ̀pọ̀ nínú wọn nìyẹn. A máa ń ní kí kápẹ́ńtà wá fá ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀kùn kò ṣẹ̀.

Omi náà wà níbẹ̀. Ilẹ̀ wa kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ọ̀sà lọ. Tí òjò bá rọ̀ nígbà tí omi ọ̀sà kún, omi inú kánàá kò ní ibi tó máa wọ́ sí. Ó máa dúró dè é, tí ó bá sì sú u, á wọlé wá bá wa. Tí a bá tún wá fi ọ̀rá àti pàǹtí dí gọ́tà, a ti fún omi ní ìwé ìpè. Ẹ rántí ohun tí àwọn àgbà wí: àgbàrá òjò kò lóun ò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un.

Omi mímu ńkọ́? Kànga tí kò jìn ní àdúgbò wa, omi iyọ̀ tàbí omi tó ní ìpẹtà ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Bí gbogbo wa bá sì ń fa omi látìsàlẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ńṣe là ń pe omi iyọ̀ wọlé.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín

Mo gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ: “Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ti lo ọgbọ̀n ọdún, kò wó.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo tí ìdílé kan ń gbé kì í ṣe ẹgbẹ́ gbọ̀ngàn. Tiwa ni igba èèyàn máa kóra jọ sí lọ́jọ́ kan náà. Ìlù á dún, gbogbo wa á dìde jó, ẹsẹ̀ igba á máa lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ìyá wa á wà níbẹ̀, àwọn ọmọ á máa sáré kiri. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí a bá ń dìbò.

Nítorí náà:

1. Kí a ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀, èyí tí àwọn kọ́lékọ́lé ń pè ní soil test, kí ẹnikẹ́ni tó ya pílánù. Wọ́n máa gbẹ́ ihò jíjìn ní ibi mélòó kan, kì í ṣe ibì kan ṣoṣo, nítorí ilẹ̀ wa kò rí bákan náà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò tirẹ̀, Lagos State Materials Testing Laboratory.

2. Ohun tí àyẹ̀wò bá sọ ni kí ẹnjiníà fi yan ìpìlẹ̀. Ó lè jẹ́ raft, ìyẹn kọnkéré kan ṣoṣo tó tẹ́ sábẹ́ gbogbo ilé bí ẹní. Ó lè jẹ́ pile, ìyẹn òpó gígùn tó gba inú ẹrẹ̀ kọjá títí á fi kan yanrìn tó le. Kí birikilà má yàn án fún wa, kí alága má yàn án, kí èmi náà má yàn án.

3. Kí a gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé, kí a sì jẹ́ kí àwọn LASBCA tó ń mójú tó ilé kíkọ́ wá wò ó ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, a kò fẹ́ ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí.

4. Kí gbọ̀ngàn jẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dábàá lọ́dún márùn-ún sí i pé ká gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e láti fi gba owó ilé. Ìpìlẹ̀ mọ ẹrù tí wọ́n sọ fún un pé ó máa rù.

5. Kí inú gbọ̀ngàn ga ju títì lọ dáadáa, kí a sì ṣe gọ́tà tó ń dé kánàá, kó má jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà aládùúgbò la máa da omi sí.

Owó máa pọ̀ sí i, n kò ní parọ́ fún yín. Ó lè jẹ́ pé ọdún tó ń bọ̀ la máa tó ṣílé dípò ọdún yìí. Ṣùgbọ́n ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kí a fi ọdún kan pẹ́, kí a jó níbẹ̀ fún àádọ́ta ọdún.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù fún ẹ̀yin tó ń kọ́lé sí ilé lọ́hùn-ún. Ẹ má sọ pé òkúta la ní, kò sí wàhálà. Ẹ rántí Regent. Ẹ má kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi tó ń sọ̀ láti orí òkè, ẹ má sì gé gbogbo igi tó di ilẹ̀ òkè mú. Abẹ́ òkúta ni àwọn bàbá wa sá sí torí pé wọ́n mọ ibi tó lè gbà wọ́n.

Ìpàdé tó ń bọ̀ la máa dìbò. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ kó tó dìgbà náà. Ẹ̀yin ọmọ wa tó jẹ́ ẹnjiníà, nílé àti lẹ́yìn odi, a ń retí ohùn yín. Ẹ má kàn ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ fi àtàǹpàkò lásán dá wa lóhùn.

Ajé tó gúnlẹ̀ síbí kò ní rì mọ́ wa lọ́wọ́ o. Ilé tí a máa kọ́, á dúró, àwa náà á dúró nínú rẹ̀.